Kásẹ́ẹ̀tì Tí Mi Ò Gbọ́ Tán

Gàríkì, Àbújá.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì.

Ìsíákà Àlàó, ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọjọ́ Ẹtì. Mo kà á tán, mo sì tún un kà sí ìyá rẹ létí. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi ọ́ sẹ́nu iṣẹ́ ní Kàdúná, tó fún ọ ní Rìsíkátù, tó sì fún ẹ̀yin méjèèjì ní ìyàrá méjì tí ẹ ó máa gbé. Kí Ó jẹ́ kí ẹ fi ẹ̀rín jókòó síbẹ̀.

Ara mi wà bó ṣe wà. Kì í ṣe àìsàn. Ó rẹ̀ mí ni. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ogún ọdún ni mo ti ń gun àkàbà, tí mo ń gbẹ́ ògiri ilé onílé kí wáyà lè gba ibẹ̀ kọjá. Gbogbo àkàbà náà ló wá ń sinmi lórí orúnkún mi báyìí. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí ìyá rẹ bá bi mí pé, "Kí ló ń ṣe yín?" mo máa ń ní, "Kò sí nǹkan," nítorí àlàyé ń rẹni bí iṣẹ́.

O ní sítẹ́ríò ni ohun àkọ́kọ́ tí o gbé wọ párọ̀ rẹ, pẹ̀lú sípíkà méjì tó ga dé ọ ní ìbàdí, àti pé fídíò ló kàn. O ní orin tó ń jáde níbẹ̀ ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò, kí n wí fún ọ bí o ó ṣe ṣe é. Mo rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ bi mí ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín, mo sọ fún un. Kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní, "Ẹ dá a lóhùn dáadáa," ó sì padà sídìí iná.

Mo mọ ohun tó ní lọ́kàn. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà yìí yóò fi gùn. Mi ò kì í kọ lẹ́tà, ìwọ náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Jókòó kí o kà á. Bí sítẹ́ríò bá wà ní títàn, jọ̀wọ́ pa á ná.

Àkọ́kọ́, nípa ohùn inú ìkòkò yẹn. Igun ilé ló fà á. Fa sípíkà méjèèjì kúrò ní igun, kí o jẹ́ kí wọ́n jìnnà sí ògiri tó ìwọ̀n apá kan. Fi búlọ́ọ̀kù gbé wọn sókè títí ẹnu wọn yóò fi bá etí ẹni tó jókòó dọ́gba. Tẹ́ ẹní sílẹ̀, kí o sì ta kọ́tìnì tó nípọn sí ògiri tó kọjú sí wọn. Ilé tí kò láṣọ nínú a máa sọ ohùn padà. Nígbà ọyẹ́, fi aṣọ bò ó bí ẹní bo oúnjẹ, nítorí eruku ọ̀dọ̀ yín àti ti ọ̀dọ̀ wa, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta, rẹ òwú sínú sípíríìtì, kí o rọra fi nu orí tó ń ka kásẹ́ẹ̀tì. Bí iná bá sì lọ, yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára ògiri. Iná tó lọ kì í padà wá jẹ́jẹ́. Mo ti rí ẹ̀rọ tó gbóná bí ààrò láàárín ìṣẹ́jú kan.

Èyí rọrùn. Àwọn tó kù kò rọrùn bẹ́ẹ̀.

Èkejì, má jẹ́ kí ohùn ilé rẹ ju ilé rẹ lọ. O mọ̀ pé ládàánì ni bàbá mi, ní mọ́ṣáláṣí tó wà níwájú ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín èmi àti òun, o kò mọ̀ ọ́n, mi ò sọ ọ́ fún yín rí. Ní ìgbà náà, mọ́ṣáláṣí wa kò ní ẹ̀rọ gbohùn-gbohùn. Ọ̀fun bàbá mi nìkan ni wọ́n ní. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ṣẹ́ wáyà, owó àkọ́kọ́ tó bọ́ sí mi lọ́wọ́, giramafóònù ni mo fi rà. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi pé jọ sí ìyàrá mi, a gbé àwo tuntun lé e. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í pèrun. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Dín in kù, bàbá ń pèrun."

Mo ní, "Orin ń dùn lọ́wọ́."

Kí n má parọ́ fún ọ, mo gbọ́ ohùn bàbá mi. Mo gbọ́ bó ṣe ń gbé ohùn náà sókè kó lè bo ti ẹ̀rọ mi mọ́lẹ̀, tí kò sì lè bò ó. Àwọn tó ń ṣe àlùwàlá níta ń rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ní ládàánì méjì ló wà ládùúgbò wa lónìí.

Nígbà tí wọ́n kírun tán, ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà ìyàrá mi. Kò gbá mi létí, bẹ́ẹ̀ ni kò pariwo. Ó ní, "Ohùn mi ni mo fi ń sin Ọlọ́run. Ìwọ fi ẹ̀rọ bò ó mọ́lẹ̀. Gbé e, kí ẹ̀yin méjèèjì lọ wá ibi tí ẹ ó máa gbé."

Mo gbé e lórí, mo jáde. Mo rò pé mo ti di ọkùnrin. Láti ọjọ́ náà, a ń kí ara wa. Mo ń gbé iṣu wá nígbà ọdún, ó ń ṣàdúrà fún mi. Ṣùgbọ́n kò wọ ilé mi rí, èmi náà kò sì fi ẹnu mi tọrọ àforíjì. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo ní ẹ̀rọ, àkísà ni mi ò ní.

Ẹ̀kẹta kúrú: ẹni tó bá ní òun fẹ́ yá àwo lọ́wọ́ rẹ, ní kó wá jókòó ní párọ̀ rẹ kó gbọ́ ọ níbẹ̀. O rántí Gàníyù, ọ̀rẹ́ mi, tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ wáyà nígbà tí Gàríkì ṣì jẹ́ erùpẹ̀ pupa àti igi àkàsọ̀? Gbogbo àwo tí mo yá a ló padà wá bíi pé ológbò sùn lórí wọn. Mo bá a jà, a tún rẹ́. Bá a ṣe rẹ́ yẹn ló mú mi dé orí ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ fẹ́ kí n sọ.

Ẹ̀kẹrin. Gbọ́ èyí dáadáa.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ wá sí Àbújá, ìyá rẹ àti àwọn àbúrò rẹ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dọ̀ bàbá mi. Ìwọ wà ní ilé ìwé tí ẹ ń sùn sí ní Ọ̀fà. Ìyá rẹ kò mọ̀ ọ́n kọ, kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn máa bá òun kọ ohun tó wà nínú òun. Mo bá ra rẹ́kọ́dà kékeré kan sílẹ̀ fún un, mo kọ́ ọ bọ́tìnì tí yóò tẹ̀. Bó bá ní ọ̀rọ̀ sọ, á sọ ọ́ sínú kásẹ́ẹ̀tì, á fún Ràímì dírẹ́bà. Ràímì yìí ń na Ìlọrin sí Súlèjà, gbogbo ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà níhìn-ín ló sì ń fi í rán ẹrù, rán lẹ́tà, rán owó pàápàá. Ohun kan kò sọ nù lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ kan, ó gbé kásẹ́ẹ̀tì kan wá fún mi. Ìyá rẹ ti fi àkísà àǹkárá aláwọ̀ ewé dì í. Ràímì ní, "Ìyàwó rẹ ní kí n fi lé ọ lọ́wọ́, kí n má fún ẹlòmíràn." Mo ní ó ṣeun. Mo tì í bọ inú sítẹ́ríò. O mọ bí ìyá rẹ ṣe ń kíni nígbà yẹn. Ó kí mi, ó kí iṣẹ́ mi, ó kí àwọn tí a jọ ń gbélé, ó bá mi kí òjò. Ó sọ ti ewúrẹ́ tó bímọ, ó sọ ti àbúrò rẹ tí eyín rẹ̀ ká. Mo gbọ́ ọ fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó sú mi. Mo ní màá gbọ́ ìyókù bó bá yá. Mo pa á.

Àlàó, ẹni tó lè jókòó ti orin láti àárọ̀ di ọ̀sán, tó lè gbọ́ àwo kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò lè jókòó gbọ́ ìyàwó rẹ̀ fún ìdajì wákàtí.

Ní ọjọ́ kejì, Gàníyù sáré wọlé. Ó ti rí àwo tuntun kan yá, olówó àwo yóò sì wá gbà á lẹ́yìn ìrun Àyìlà. Ó ní, "Kásẹ́ẹ̀tì dà?" Kò sí èyí tó ṣófo nílé. Mo wo ti ìyá rẹ. Mo ní kí n má ba ohùn rẹ̀ jẹ́, mo bá yí i sí ojú kejì, tí mo rò pé kò sí nǹkan níbẹ̀. A gba orin náà sí i. Inú mi dùn pé mo ṣe é pẹ̀lú ọgbọ́n.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó lé díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi Sálíù dé sí Gàríkì láìròtẹ́lẹ̀, eruku bo ojú rẹ̀. Kò jókòó. Ó ní, "A ti sin Bàbá."

Mo dìde dúró.

Ó ní, "Kí ló dé tí o kò wá? Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó rẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ. Bàbá fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, lórí ẹní àìsàn. Ojoojúmọ́ ló ń ní kí wọ́n gbé òun sí ibi tí òun á ti máa rí ẹnu ọ̀nà."

Kásẹ́ẹ̀tì náà wà lórí sítẹ́ríò, lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi gan-an. Mo sì sọ ohun tí mo ń jẹ ìyà rẹ̀ títí di òní. Mo ní, "Kásẹ́ẹ̀tì wo?"

"Èyí tí a fi rán Ràímì."

"Ràímì kò fún mi ní nǹkan kan."

Ó rọrùn láti sọ. Kò gbà ju èémí kan lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ́ èpè fún Ràímì níbi tó dúró sí. Nígbà tó lọ tán, mo gbé kásẹ́ẹ̀tì náà, mo gbọ́ ojú kìíní rẹ̀ dé òpin. Ní òpin rẹ̀, ìyá rẹ ní, "Ẹ yí i padà o. Bàbá fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ ní ojú kejì." Wọ́n ní etí tó bá gbọ́ àlọ, ó yẹ kó gbọ́ àbọ̀. Èmi gba orin lé àbọ̀ lórí. Mi ò gbọ́ ojú kejì náà. Mo ju àkísà àǹkárá yẹn sábẹ́ tábìlì, mo sì ti kásẹ́ẹ̀tì sínú páálí láàárín àwọn tó kù.

O rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, nítorí o wá sílé fún ọlidé. Ìròyìn ti kárí pé Ràímì sọ ohùn ìkẹyìn ládàánì nù. Kò sẹ́ni tó tún fi í rán nǹkan mọ́. Nígbà tó wá kí wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìwọ, ọmọ tí kò tíì hu irùngbọ̀n, o kọ̀ láti kí i. Mo rí ọ. Ó yẹ kí n pè ọ́, kí n ní kí o dọ̀bálẹ̀ fún àgbà. Mo yíjú sí ibòmíràn.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìyá rẹ kó wá bá mi níhìn-ín. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó ń gbálẹ̀ párọ̀, ó ní kí orin máa bá òun ṣe é. Ó fa kásẹ́ẹ̀tì kan yọ nínú páálí, ó tì í bọ inú sítẹ́ríò. Èmi ń fá irùngbọ̀n lẹ́yìnkùlé. Mo mọ orin náà bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọkàn mi kò sọ fún mi pé kí n sáré. Orin náà kúrú ju ojú kásẹ́ẹ̀tì lọ, ọmọ mi. Èmi tí mo ń fi iṣẹ́ iná jẹun kò ronú kan ìyẹn rí. Nígbà tí orin tán, ó pa lọ́lọ́ díẹ̀, ohùn obìnrin kan bá jáde: "...ẹ má jẹ́ kó ju Jímọ̀ lọ. Bàbá ní kí n tẹnu mọ́ ọn fún yín. Ó dàbọ̀ o."

Mo gbọ́ tí ìgbálẹ̀ dúró.

Nígbà tí mo wọlé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú sítẹ́ríò. Kò sunkún. Ó ní, "Bàbá Ìsíákà, ṣé Ràímì kò fún yín ni?"

Mo fi aṣọ nu ọṣẹ kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́.

Ó ní, "Ṣé ohùn mi kọ́ nìyí?"

Mo ní, "Ohùn rẹ ni."

Ó dìde, ó gbálẹ̀ tán, ó sì da ilẹ̀ nù. Láti ọjọ́ yẹn, obìnrin tó máa ń bá mi kí òjò kò bá mi sọ ju ohun tó bá ṣe dandan lọ. "Oúnjẹ wà nílẹ̀." "Omi ti tán." Ìwọ àti àwọn àbúrò rẹ rò pé Àbújá ni kò bá a lára mu. Rárá o. Èmi ni.

Ní àkókò náà ni mo ra fídíò, ìyẹn ló sì di ẹ̀karùn-ún. Mo rò pé bí ilé bá ń pariwo, a ò ní gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ń wá wòran. Wọ́n kún orí àga, wọ́n kún ilẹ̀, àwọn kan ń wo ojú fèrèsé. Àwọn ènìyàn ń sọ fún mi pé ilé mi dùn. Ìyá rẹ wà ní kíṣìnnì. Ọjọ́ kan, lójú gbogbo wọn, ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ṣé kí n má baà sọ̀rọ̀ lẹ ṣe rà á?" Wọ́n rò pé ó ń ṣàwàdà. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó tún ní, "Ràímì ṣì wà láàyè. Wọ́n ní ó wà ní Kwálì." Ó kúrò níbẹ̀.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Kwálì ní ọjọ́ Sátidé. Mo bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, ó ń to ìkòkò amọ̀ sórí koríko nínú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan, ó rọra ń gbé wọn bí ẹni gbé ìkókó. Ó ti hewú. Ó rí mi, ó ní, "Kai! Oníná! Sànnu!" Oníná ni orúkọ tó máa ń pè mí tẹ́lẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó fún mi lómi mu. Inú rere yẹn ló kọ́kọ́ fìyà jẹ mí.

Mo ní, "Ràímì, kásẹ́ẹ̀tì yẹn dé ọwọ́ mi."

Ó ní, "Mo mọ̀. Èmi ni mo fi lé ọ lọ́wọ́."

"Mo parọ́ mọ́ ọ."

"Mo mọ ìyẹn náà. Nígbà tí mo wá kí ọ ní Gàríkì kí o tó lọ sílé fún ọ̀fọ̀, mo rí i nínú páálí rẹ, pẹ̀lú àkísà aláwọ̀ ewé náà lábẹ́ tábìlì."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó gbé ìkòkò kan sókè, ó yẹ ìdí rẹ̀ wò bóyá ó sán, ó gbé e sílẹ̀. Ó ní, "Ẹni tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, a kì í pè é ní òpùrọ́ lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà, mo ń retí pé wàá sọ ọ́ fúnra rẹ. Mo retí, mo retí. Nígbà tí mi ò rí ẹrù kó mọ́ ní Ìlọrin, mo wá síbí."

Mo kúnlẹ̀ sáàárín ìkòkò. Ó fà mí dìde. Ó ní, "Mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ mi lo bàjẹ́, orúkọ náà kò sì sí ní Kwálì. Ògbómọ̀ṣọ́ ló wà. Ibẹ̀ ni kí o ti lọ bá mi gbé e."

Mo ṣèlérí fún un. Mo padà délé, mo ro gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ. Ó pa fídíò. Ó jókòó tì mí, ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn oṣù púpọ̀. Mo ní, "Àbẹ̀kẹ́, jọ̀wọ́, kí ni Bàbá sọ ní ojú kejì?"

Ó dáhùn pé, "Ó ní kí ẹ gbé ẹ̀rọ yín dání bẹ́ ẹ bá ń bọ̀. Ó ní òun ò lè pèrun mọ́, ilé wá dákẹ́ jù. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ orin tí ẹ torí rẹ̀ kúrò nílé."

Ìsíákà, mo ti fi ìyẹn gbélé láti ìgbà yẹn. Mi ò mọ ibi tí mo lè gbé e sí.

Mo bẹ ìyá rẹ pé kó má sọ fún ẹ̀yin ọmọ. Ó ní, "Mi ò ní sọ. Ẹ̀yin lẹ ó sọ ọ́." Ọdún méjì kọjá, ó di mẹ́ta, ó di mẹ́rin. Bí mo bá dé Ògbómọ̀ṣọ́, màá ní ọdún ni a wá ṣe, kì í ṣe àkókò rẹ̀. Bí mo bá padà síbí, màá ní ọ̀nà jìn. Ẹni tó bá ń sún òtítọ́ síwájú, á rẹ̀ ẹ́ ju ẹni tó ń gun àkàbà lọ.

Ọ̀rọ̀ tó wá wà ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà rẹ ni kò jẹ́ kí n lè sún un mọ́. O kọ ọ́ bí nǹkan yẹpẹrẹ. O ní ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Sàfúrátù wá bá ọ ní ilé iṣẹ́ yín pé kí o fi òun mọ ẹni tó ń gba ènìyàn síṣẹ́, pé ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun náà, àti pé nígbà tí o bi í ní orúkọ bàbá rẹ̀, tó ní Ràímì dírẹ́bà ni, o ní kó máa lọ. O ní, "Mo gbẹ̀san Bàbá àgbà." O rò pé inú mi yóò dùn.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ mi kò tíì lo ogún ọdún, ó sì ti dé Kàdúná ṣáájú mi. Mi ò bá ọ wí. Èmi ni mo fi sí ọ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ní báyìí tí o ti mọ̀, ti ìwọ náà ti kúrò ní ti àìmọ̀.

Wá ọmọ náà rí. Bi àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní ọjà, wọn á mọ ilé tó wọ̀ sí. Mú Rìsíkátù dání, nítorí obìnrin ni, kó má baà rò pé nǹkan mìíràn lo ń wá. Sọ fún un lójú ìyàwó rẹ pé, "Bàbá rẹ jíṣẹ́. Bàbá mi ló parọ́." Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, má fi nǹkan bò ó láti yọ mí. Lẹ́yìn náà, mú un lọ bá ẹni tó ń gba ènìyàn síṣẹ́. Bí wọn kò bá gbà á, ó kéré tán ìwọ ti mú un débẹ̀.

Ní tèmi, mo ti kọ̀wé sí Sálíù ẹ̀gbọ́n mi ní àárọ̀ yìí. Lẹ́tà náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí mo ń kọ. Mo ní kó kà á sí àwọn ará ilé létí, àti sí àwọn ará mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, èmi náà yóò wà níbẹ̀, Ràímì yóò sì jókòó tì mí. Mo ti ránṣẹ́ sí i ní Kwálì. Ó fèsì, ó ní òun ń bọ̀. Mi ò mọ ojú tí wọn yóò fi wò mí. Ó ti rẹ̀ mí ju kí n máa bẹ̀rù ojú lọ.

Mi ò ní kí o ta sítẹ́ríò rẹ. Gbádùn rẹ̀. Orin dára, Ọlọ́run ló fi í sí ọ̀fun ènìyàn. Nígbà tí Rìsíkátù bá ń sọ̀rọ̀ ni kí o dín in kù, kódà bó bá jẹ́ ti ewúrẹ́ ló ń sọ. Má sọ pé o ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ. O kò mọ̀ ọ́n. Jẹ́ kó débẹ̀. Fídíò náà, bí o bá rà á, kí ó ní ọjọ́ tirẹ̀ nínú ọ̀sẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì ní àwọn ọjọ́ tó kù. Kí o má sì ra ẹ̀rọ kankan láti fi pa ìjà mọ́lẹ̀ láàárín ẹ̀yin méjèèjì. Ìjà náà á kàn jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ni, á máa wòran.

Kí Rìsíkátù fún mi. Sọ fún un pé mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òun náà, nítorí ilé tó fẹ́ sí ní irọ́ nínú, a kò sì sọ fún un kó tó wọlé.

Kí Ọlọ́run fi ọwọ́ Rẹ̀ di ilé rẹ mú, kí Ó fún ọ ní etí tó pọ̀ ju ẹnu lọ.

Ìyá rẹ ń pè mí. Mo ń lọ kó tó pè mí lẹ́ẹ̀kejì.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.